Màmá Méjì Nínú Fóònù Kan

Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń yọ egungun lára ẹja yíyan, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí àkọ́bí mi obìnrin pe ẹlòmíràn ní Màmá. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ ṣé gan-an, Màmá."

Ní Kútọnu níbí, gbogbo obìnrin tó bá ti dàgbà díẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Màmá: ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, èmi náà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ti ìkóríta kọ́ ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Èyí ní ẹ̀rín nínú. Ó ní ìsinmi nínú, bí ìgbà tí ọmọ bá gbé orí lé itan ẹni. Ó ti pẹ́ tí ó ti fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pè mí.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, mo bi í pé, "Ta nìyẹn?"

"Patrọ́nù mi ni, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́."

"Kí ló dé tí patrọ́nù di Màmá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ni kí n máa pè é? Ó ní òun ò fẹ́ Madáàmù."

"Òun ni ò fẹ́."

"Màmá, ẹja yín ń jó."

Ẹja ò sí lórí iná. Ó kàn fẹ́ kí n dákẹ́ ni.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọmọ mi ń ṣe. Ilé iṣẹ́ obìnrin yìí kò tóbi, ó wà ní Akpakpa; ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń tọ́jú ètò tí àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ fi ń pa orúkọ àti ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn mọ́ sínú ẹ̀rọ. Sítáàjì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ oṣù díẹ̀, ni ó bá lọ síbẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kó padà mọ́. Mo yọ̀ nígbà náà. Mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ̀ pé ẹni tó gba ọmọ síṣẹ́ lè gba ọmọ náà pátápátá.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, nítorí n kò fẹ́ràn àsọdùn. Obìnrin náà kò fi ipá gba ohunkóhun. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ fún un ní àpò tí ó fi ń gbé kọ̀ǹpútà, àpò tó dára ju èyí tí mo rà lọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí mu kọfí láìfi ṣúgà sí i. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé, "Màmá ní kò dáa kí èèyàn máa dá ọ̀rọ̀ mọ́ oníbàárà lẹ́nu," pé, "Màmá ní kí a máa ka gbogbo ìwé tán kí a tó fọwọ́ sí i." Gbogbo ohun wọ̀nyí ni mo ti sọ fún un láti ìgbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò gbà á lẹ́nu mi. Ó gbà á lẹ́nu patrọ́nù.

Èyí tó dùn mí jù ni pé kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún mi. Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní girama, bí tíṣà bá wọ ṣòkòtò tó ya wá sí kíláàsì, mo ti gbọ́ kí ó tó bọ́ bàtà. Ní báyìí, bí mo bá bi í pé kí ló ṣe lónìí, á ní, "Iṣẹ́." Irú iṣẹ́ wo? "Àṣírí iṣẹ́ ni, Màmá."

Àṣírí. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Pobè, bí wọ́n bá sọ pé àṣírí ẹnìkan bò, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni náà rí jẹ, ó rí wọ̀, ojú kò tì í. Èmi ni mo bo àṣírí ọmọ yìí láti kékeré. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wálé. Èmi ni mo ń wo ibà rẹ̀, èmi ni mo ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí òjò bá rọ̀. Báwo ni àṣírí ṣe wá di ohun tí wọ́n ń bò mọ́ èmi lójú?

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Gbégamey, kò jìnnà sí ọjà. Mo ń ṣe fótókópì, mo ń fi ọ̀rá bo káàdì ìdánimọ̀, mo ń tẹ ìwé, mo sì ń ta báírò àti ìwé àkọsílẹ̀. Mo parí girama kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo lè ka ohun tí ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n n kì í kà á. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ìbí tí orúkọ bàbá kò sí nínú rẹ̀: bí wọ́n bá fà á lé mi lọ́wọ́, màá da ojú rẹ̀ délẹ̀, màá tẹ ẹ̀rọ, màá dá a padà. Ìyàwó ọlọ́pàá kan wá bá mi nígbà kan, ó fẹ́ mọ irú ìwé tí ọkọ rẹ̀ wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ mi kì í rántí nǹkan. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ náà kì í rántí. Òun ò sì bi mí bóyá èmi rántí.

Ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ látorí àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ yìí jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré, ó sì ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ Sakété kan tó ń gbé ní Agblangandan, tó ń bá wọn ṣe ìwé ẹrù nítòsí èbúté. Ọmọlúwàbí ni. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ débi pé táì rẹ̀ á kanlẹ̀. Àwọn ìdílé méjèèjì ti mú ọjọ́ tí a ó fi mọ ara wa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pa. A jọ wà ní girama. Mo mọ bí ìrora náà ṣe ń mú egungun, mo mọ bí èèyàn ṣe ń di ẹsẹ̀ ẹni mú tí kò sì sí ohun tí ó lè ṣe. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ mi ṣì kéré ni mo ti mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò. AA ni ẹ̀gbọ́n. AS ni àbúrò. Bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ tí yóò jìyà bí àbúrò mi ṣe jìyà. Èyí ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà bí ẹni tó fi ẹyin sínú àpò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní AA ni òun. Mo bèèrè lọ́wọ́ ọmọ mi kejì bóyá ó rí ìwé rẹ̀. Ó ní òun kò rí ìwé, ṣùgbọ́n ó sọ fún òun pé ilé ìwòsàn kan ní Akpakpa ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ òun. Nígbà tó dárúkọ ilé ìwòsàn náà, mo ní kó tún un pè. Ilé ìwòsàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni. Mo rò ó pé Ọlọ́run ló fi kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni mo bá ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. Ó ń lọ aṣọ.

"Ilé ìwòsàn yẹn, ṣé ẹ máa ń rí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ wọn?"

"A máa ń rí i bí nǹkan bá bàjẹ́. Kí ló dé?"

"Èsì àyẹ̀wò ńkọ́?"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. "Èsì àyẹ̀wò ta, Màmá?"

Mo sọ fún un. N kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Mo ní kó bá mi wò ó, lẹ́tà méjì péré ni mo fẹ́: A, àti èyí tó tẹ̀lé e.

"Rárá, Màmá."

"O ò tíì gbọ́ mi tán."

"Mo ti gbọ́ yín tán. Lẹ́tà méjì yẹn, òun ló ni ín. Òfin wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe òfin bùrọ́ọ̀ wa nìkan, òfin orílẹ̀-èdè ni. Wọ́n lè gbé mi lọ sílé ẹjọ́."

"Ta ni yóò mọ̀?"

"Ẹ̀rọ á mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé aláìsàn, ẹ̀rọ á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tó ṣí i."

"Ta ló ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ?"

"Màmá ló ń kà á."

Ó mọ ohun tó sọ. Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó fi ọwọ́ bò ó.

"Màmá wo?" ni mo bi í. "Èmi kò ka nǹkan kan o. Màmá wo ló ń kà á?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìyá tó bí ọ ń bẹ̀ ọ́ nítorí ọmọ tó tẹ̀lé ọ lẹ́yìn, ò ń sọ fún un pé Màmá ò ní gbà."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òun ò tilẹ̀ sí láyé, mi ò ní ṣe é. Ẹ̀yin náà, bí aládùúgbò bá wá bi yín pé ìwé kí ni ẹnìkan wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ máa sọ?"

"Èmi? Láéláé."

"Ẹ ò rí i?"

"Aládùúgbò kì í ṣe ìyá."

"Ìyá ta?"

"Ìyá ẹnikẹ́ni!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Òfin tó ní kí ìyá má mọ ẹ̀jẹ̀ tí yóò wọ inú ọmọ ọmọ rẹ̀, kí ẹni tó ṣe é wá di ẹsẹ̀ àbúrò mi mú." Ojú rẹ̀ yí padà. Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, ó ká aṣọ tí kò tíì lọ̀ tán, ó wọ yàrá. Kò ti ilẹ̀kùn. Ó kàn sé e díẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́, n kò sì tì í.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ sí bùrọ́ọ̀ wọn, ilé iṣẹ́ wọn ní Akpakpa. Mo gbé agbòjò rẹ̀ dání, agbòjò tó gbàgbé sílé. Bó bá ti gbàgbé nǹkan, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ rí obìnrin náà.

Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Èyí kọ́kọ́ bí mi nínú. Ó ga, ó gé irun rẹ̀ wálẹ̀, ó wá láti inú ìdílé àwọn tó ti Brazil padà wá láyé àtijọ́, Yorùbá rẹ̀ sì jẹ́ ti ìyá àgbà rẹ̀: ó dùn, ó lọ́ra, Faransé àti Gùn wà láàárín rẹ̀ bí ata nínú ọbẹ̀. Ó dìde fún mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ wa ò sí níbí, ó ti lọ sí ilé ìwòsàn."

Ọmọ wa. Mo bi ara mi pé ìgbà wo ni èmi àti obìnrin yìí jọ rọbí.

Ó fún mi ní omi, ó fún mi ní àga tó dára jù. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ́ ọmọ yìí o. Ẹ kọ́ ọ dáadáa. Kì í tú ọ̀rọ̀. Mo ti gba àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà jù ú lọ, ẹnu wọn ò dákẹ́. Èyí, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ sí i nínú, ó di kànga."

Ohun tó ń dùn mí gan-an ló fi ń yìn mí. Mo ní, "A dúpẹ́."

"Iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi lé pátápátá tó bá yá. Òun ni yóò di aṣojú mi níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé awò ojú rẹ̀ tuntun ti mọ́ ọn lára nílé? Níbí, ńṣe ló ń bọ́ ọ, tó ń wọ̀ ọ́."

Ọmọ mi ń lo awò ojú. Èmi kò mọ̀. Ojú tí mo fi ọwọ́ mi wẹ̀, tí mo fi omi ọmú sí nígbà tó pọ́n, ojú yẹn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n sì ti fún un ní awò, patrọ́nù ló mọ̀.

"Ó ti ń mọ́ ọn lára," ni mo wí.

Mo gbé agbòjò sórí tábìlì ọmọ mi. Mo rí ife kọfí rẹ̀ níbẹ̀, mo rí àpò awò ojú kékeré kan. Mo ṣí àpò náà, mo wò ó, mo tún un pa dé. Nígbà tí mo gun zémì, ọ̀kadà wa níbí, padà sí Gbégamey, ẹni tó ń gbé mi bi mí pé ṣé ọ̀fọ̀ kan ṣẹ̀ mí ni. Mo ní kó wo ọ̀nà.

N kò bi ọmọ mi nípa awò ojú. Òun náà kò bi mí nípa agbòjò. A ń kí ara wa káàárọ̀, a ń kí ara wa kúùrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì yóò pàdé sì ń sún mọ́lé.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọ mi ló fi ohùn ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, nítorí náà mo pa ẹ̀rọ fótókópì kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn lé mi lọ́wọ́. Ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹnìkan bẹ̀ mí pé kí n ṣí ìwé aláìsàn kan. Mo kọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá ṣí i. Ẹni tó bẹ̀ mí, kì í ṣe ẹni tí mo lè máa kọ̀ fún. Ẹ má bi mí pé ta ni. Mi ò ní sọ, ẹ̀yin náà mi ò ní sọ fún yín. Ẹ ṣé, Màmá."

Nígbà tó kí Màmá, mo rò pé èmi ló ń kí. Ìgbà tó ní kí wọ́n má tíì fi iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́ ni mo mọ̀ pé Màmá yìí kì í ṣe èmi. Ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí Màmá tí kò yẹ.

Ọmọkùnrin kan dúró níwájú mi pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀, ó ní, "Màmá, iná ti lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Iná ò lọ.

Mo tún un gbọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú owú, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú nǹkan mìíràn tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ mi ń fi ẹ̀rù tó ń bà á lé obìnrin mìíràn lọ́wọ́, ẹ̀rù tó yẹ kó gbé wá fún mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ pé ẹ̀rù mi ló ń bà á. Kì í ṣe ẹni tí mo lè máa kọ̀ fún. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún patrọ́nù rẹ̀, kò sọ ọ́ fún mi. Àti pé orúkọ mi, ó gbé e mì.

Bí mo ṣe ń wo fóònù, ohùn náà parẹ́. Ó ti rí àṣìṣe rẹ̀, ó ti pa á rẹ́. Kò pẹ́, ó pè.

"Màmá, ẹ ti gbọ́ ọ?"

"Gbọ́ kí ni?"

"Màmá."

"Mo gbọ́ ọ."

Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi ránṣẹ́ sí mi?" ni mo bi í níkẹyìn.

"Orúkọ yín méjèèjì tẹ̀lé ara wọn nínú fóònù. Màmá Bùrọ́ọ̀, àti Màmá."

"Èwo ni èmi?"

"Ẹ̀yin ni Màmá lásán."

"Lásán?"

"Màmá! Ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Màmá tí kò ní àfikún."

"Mo gbọ́. Lásán."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Mo mọ ohùn rẹ̀ nígbà tí méjèèjì bá pàdé. Ó wá bi mí ní ohùn kékeré pé, "Kí ni kí n ṣe báyìí?" Mo lè sọ fún un pé kó má fi ránṣẹ́ mọ́. Bí kò bá fi ránṣẹ́, iṣẹ́ náà á bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin náà á wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, bópẹ́ bóyá yóò wò ó fún mi. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Ó tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi di etí tábìlì mú.

"Fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín," ni mo wí. Mo pa fóònù, mo tan ẹ̀rọ, mo gba ìwé ìbí lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àfẹ́sọ́nà ọmọ mi kejì wá kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo jẹ́ kó jẹun tán.

"Ọmọ mi, ìbéèrè kan ni mo ní, kì í ṣe ìjà."

"Mo ń gbọ́, Màmá."

"O ní AA ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìwé àyẹ̀wò náà dà?"

Ó wo ọmọ mi kejì tó jókòó tì í. Ìyẹn wo àjà. "Ó wà nílé, Màmá."

"Ilé wo? Agblangandan ni, tàbí Sakété?"

Ó gbé ife omi, omi ò sí nínú ife. Ó gbé e kalẹ̀. "Màmá, kò sí ìwé."

"O ní wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ ní Akpakpa."

"Wọ́n gbà á lóòótọ́. Ibà ló gbé mi lọ. Mo rò pé bí nǹkan mìíràn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, wọn ìbá ti sọ. Màmá wa nílé náà sì máa ń sọ pé ìdílé wa mọ́, pé kò sí ẹni tó ń ṣe àìsàn egungun láàárín wa, pé AA ni gbogbo wa."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!" ni ọmọ mi kejì wí.

"O ò bi mí."

"Mo bi ọ́!"

"O bi mí pé kí ni mo jẹ́. O ò bi mí pé ta ló sọ fún mi."

Èèyàn lè jẹ́ AS kó má ṣàìsàn ọjọ́ kan láyé rẹ̀. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, mo sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere, mo sì sọ ti àbúrò mi fún un, èyí tí n kì í sọ fún àlejò. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rò ó nínú mi pé bí ẹ̀gbọ́n bá ti ṣí ìwé yẹn fún mi, ibà nìkan ni ìbá bá níbẹ̀. Ìbá ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ nítorí ibà.

Àwọn méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló gbé èsì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ fi han màmá rẹ̀ ní Sakété, nítorí náà ó fẹ́ ẹ̀dà. Kó tó fún mi, ó ní, "Ẹ kà á, Màmá, èmi ni mo ní kí ẹ kà á." Mo ka orúkọ, mo ka ọjọ́ ìbí, mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀, mo tún padà ka orúkọ. AA ni. Mo jókòó. Ó bi mí bóyá kí òun lọ ra omi tútù wá. Nígbà tí mo dìde, mo da ojú ìwé náà délẹ̀ sórí ẹ̀rọ, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, n kò fi ọ̀kankan pamọ́.

Ẹ̀gbọ́n pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Màmá, wọ́n ní èsì ti jáde."

"Ó ti jáde."

"Kí ló wí?"

"Oníbàárà mi ni. Bi àbúrò rẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Àṣírí iṣẹ́ ni," ni mo wí, mo sì pa fóònù. Mo gbádùn rẹ̀ títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo rẹ̀ wá dùn fún wa. Patrọ́nù ti gbọ́ ohùn tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì ti ṣe ohun tí ọmọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ó fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó ní kí ọmọ mi máa tọ́jú ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ekpè. Ní báyìí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti parí, ó yẹ kí wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ ń ṣe dáadáa, wọn kò sì lè lé e. Ipò aṣojú tí wọ́n ní wọn yóò fún un ti di ti ẹlòmíràn. Láràárọ̀ ló ń gun zémì lọ sí ọ̀nà etíkun yẹn, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń pè é kó tó kúrò, mo máa ń pè é bó bá dé. Ó ní mo ti ń pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé mo pọ̀ jù. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ẹnu mi ló gbé e dé ọ̀nà náà.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń jẹun, awò rẹ̀ lójú (ó ti ń wọ̀ ọ́ nílé báyìí), ó ṣàdédé ní, "Màmá Bùrọ́ọ̀ tún bi mí lónìí."

"Ó bi ọ́ ní kí ni?"

"Pé ta ni ẹni tó bẹ̀ mí."

"Tún? Ó ti bi ọ́ rí ni?"

"Ó ti pẹ́ tó ti ń bi mí."

Mo gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀. "Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò lè sọ. Ó ní ṣé òun kì í ṣe ìyá sí mi ni. Ó ní kò sí ohun tí òun ń fi pamọ́ fún mi ní bùrọ́ọ̀, kí ló dé tí èmi ń fi nǹkan pamọ́ fún òun."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ní, Ẹ má bínú, Màmá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ bùrọ́ọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni."

Mo tẹrí sínú ìkòkò kó má bàa rí ẹnu mi.

"Ojú rẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ojú rẹ̀ báwo?"

"Nígbà tí o sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó korò díẹ̀. Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ojú rẹ̀ ṣe?"

"N kò fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Ó korò báwo? Ṣé ó sọ̀rọ̀ mọ́?"

"Ó ní kò burú. Ó wá jáde lọ."

"Ó jáde lọ."

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín!"

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín? Ata ló wọ̀ mí lójú." Mo mú ègé wàrà wàgásì tó tóbi jù nínú ìkòkò, mo fi kún èyí tó wà lórí àwo rẹ̀, mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo sì ní kó tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kó rọra sọ ọ́, kó má fo ibì kankan.